Níbo Ni Ohùn Gìtá Ti Ń Wá?

Gìtá ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí rédíò lónìí, gìtá oníná, èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

Àríyànjiyàn kan tí mo bá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní Ajue, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mẹ́rin jókòó sábẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, gìtá méjì wà láàárín wọn. Ọ̀kan ní kò sí gìtá tó dà bí Fender Stratocaster láyé yìí. Èkejì ní irọ́ ni, pé Gibson Les Paul ni baba gbogbo wọn, pé ohùn tiẹ̀ kún ju ti Fender lọ. Ẹ̀kẹta, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ní ẹni tó bá fẹ́ kí gìtá òun dún bíi ti Sunny Adé, olórin jùjú, àfi kó ra irú gìtá tí Sunny ń ta gan-an, pẹ̀lú irú píkọ́ọ̀pù tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ti ń tọ́jú owó, pé tí bàbá òun bá ti ta kòkó ọdún yìí tán, òun yóò bẹ̀ ẹ́ kó bá òun fi kún un. Ẹ̀kẹrin wọn yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ti wà nídìí gìtá látọjọ́ pípẹ́. Níbo gan-an ni ohùn náà ti ń wá?"

Mo fún un lésì kúkúrú nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Àmọ́ ìbéèrè yẹn bá mi délé, kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe gìtá ni mo ń ṣe, mo sì ti rí ọ̀dọ́ tó jẹ gbèsè nítorí orúkọ tí wọ́n kọ sórí igi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí, kí n lè fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó mú kí gìtá gba iná. Gìtá onígi tí àwọn baba wa ń ta nídìí ẹ̀mu kò mọ iná rí. Inú ihò rẹ̀ ni ohùn ti ń jáde, bó ṣe ń jáde nínú agídìgbo. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló gbé ọ̀nà ìtagìtá oníka méjì káàkiri etí òkun, títí tó fi dé Èkó: àtàǹpàkò á máa lu àwọn okùn tó nípọn, ìka tó tẹ̀lé e á máa lu àwọn tó tín-ín-rín. Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún ló yí akèrègbè ẹ̀mu ká, ohùn náà tó wọn. Tó bá di òde ìnáwó tí igba èèyàn ti ń jẹ tí wọ́n ń mu, tí ọmọdé ń sunkún, tí ìyàwó ilé ń pariwo pé ọbẹ̀ ti fẹ́ tán, ta ni yóò gbọ́ gìtá?

Ìṣòro yẹn kan náà ló bá àwọn onígìtá ní Amẹ́ríkà. Fèrè àti ìlù ń bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1931, George Beauchamp, ọ̀kan nínú wọn, ṣe gìtá oníná kan tí ara rẹ̀ rí róbótó, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, débi pé àwọn èèyàn ń fi í wé páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin. Òun àti Adolph Rickenbacker ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń tà á láti ọdún 1932. Gìtá Hawaii ni gìtá ọ̀hún: orí itan ni wọ́n ń gbé e lé, irin dídán ni wọ́n sì fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀ láti ohùn kan dé òmíràn. Ẹ fi gìtá Hawaii yẹn sọ́kàn o. A óò tún bá a pàdé lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá kan.

Ní Èkó, ọdún 1936 ni Túndé King bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin jùjú sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Gìtá-bánjò, ìlù jùjú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti tó wọn nígbà náà. Nígbà tó di apá ìparí àwọn ọdún 1940, gángan wọ inú agbo jùjú. Ẹ̀yin náà mọ bí gángan ṣe ń dún tó bá fẹ́ kí èèyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Gìtá lásán kò lè bá a jókòó pọ̀. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Túndé King, so maikirofóònù kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Lójú tèmi, ìlù ló fa iná wọ gìtá jùjú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohùn gìtá wa, kò lè yọ ìlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó yá, ẹni tó ní gìtá oníná nílé, kó gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Wo abẹ́ àwọn okùn, láàárín ibi tí o ti ń ta á. Nǹkan gígùn pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá. Òun ni píkọ́ọ̀pù. Ohun méjì péré ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: òòfà, àti wáyà bàbà tí wọ́n wé yí òòfà náà ká, tí à ń pè ní kọ́ìlì. Wáyà yẹn kò nípọn tó irun orí. Nínú píkọ́ọ̀pù Stratocaster, wọ́n máa ń wé e ní nǹkan bí ìgbà 8,000. Òòfà yìí ti fi agbára rẹ̀ wọ okùn gìtá, tó jẹ́ irin. Bí o bá ta okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná kín-ín-kín á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sáré bọ̀ nínú wáyà bàbà. Bí okùn bá ṣe gbọ̀n ni iná náà yóò ṣe lọ. Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàwárí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1831. Òun kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín fi ń ṣiṣẹ́: òòfà ń yí nítòsí wáyà bàbà, iná ń jáde. Tiẹ̀ lè tan gílóòbù. Ti píkọ́ọ̀pù kò lè tan nǹkan kan. Àfi kí ẹ̀rọ agbóhùnsókè gbà á, kó sọ ọ́ di ńlá.

Nítorí náà, píkọ́ọ̀pù kì í gbọ́ ohùn bí etí ṣe ń gbọ́ ọ. Gbígbọ̀n irin ló mọ̀. Fi okùn ọ̀rá sí gìtá oníná, kí o ta á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sóhun tí yóò jáde nínú ẹ̀rọ. Bákan náà, okùn irin tó ti dógùn-ún, tí òógùn ọwọ́ ti jẹ, kò lè gbọ̀n dáadáa, píkọ́ọ̀pù olówó gọbọi kò sì lè fún un ní ohun tí kò ní. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mejì, tí kò pààrọ̀ okùn fún ọdún kan gbáko.

Ibi tí píkọ́ọ̀pù wà tún ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹni tó ṣe é lọ. Ẹ lọ sídìí okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé, kí ẹ fọwọ́ mì ín. Nítòsí òpó tí wọ́n so ó mọ́, díẹ̀ ló ń mì. Bí ẹ ṣe ń lọ sí àárín, ó ń fì gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni okùn gìtá rí. Píkọ́ọ̀pù tó wà létí bíríìjì, níbi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá, kò rí ju ìmì díẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń mú, tó ń ta létí bí ata wẹ́wẹ́. Èyí tó wà nítòsí ọrùn ń rí okùn níbi tó ti ń fì, ohùn tiẹ̀ á kún, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Súìṣì kékeré tó wà lára gìtá ni wọ́n fi ń yàn láàárín wọn. Ẹni tó mọ súìṣì yẹn lò ti ní gìtá mẹ́ta nínú ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń rí ni kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ló ṣì wà.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ìdè kékeré méjì wà ní igun píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń fi gbé e sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jìnnà sí okùn jù, ohùn á rẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn jù, òòfà á máa fa okùn, kò ní jẹ́ kó gbọ̀n bó ṣe fẹ́, ohùn á sì máa yẹ̀. Tọ́nìfáìsì kan lásán ni gbogbo iṣẹ́ yìí gbà.

Ariwo wá kù, ariwo "hùùùù" tó máa ń gba inú ẹ̀rọ jáde kí onígìtá tó ta okùn rárá. Wáyà bàbà tó ń gba gbígbọ̀n okùn, òun náà ló ń gba ariwo iná tó yí i ká. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, ìyípadà yẹn ló ń kùn nínú píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan. Tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí iná gílóòbù gígùn wà lókè orí, tí ẹnìkan sì ń fi fóònù sínú iná nítòsí ẹ̀rọ, àdúrà pàápàá kò ní gbọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1955, Seth Lover, ẹlẹ́rọ kan ní ilé iṣẹ́ Gibson, rí ọgbọ́n dá sí i. Ó fi kọ́ìlì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó jẹ́ kí ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti èkejì, ó sì dojú òòfà wọn kọ òdìkejì ara wọn pẹ̀lú. Ariwo tó ti ìta wá á ti ọ̀kan síwájú, á ti èkejì sẹ́yìn, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ohùn okùn ní tirẹ̀ kò pa rẹ́, nítorí pé òòfà tó yí padà ti mú kó bọ́ sí ọ̀nà kan náà nínú kọ́ìlì méjèèjì. Ńṣe ló ń lágbára sí i. Humbucker ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 1957 ló ti wà lára Les Paul.

Ohùn oníkọ́ìlì méjì nípọn, ó sì tutù. Ti oníkọ́ìlì kan, bíi ti Stratocaster, mọ́ kedere, ó sì mú. Tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń jà lórí Fender àti Gibson, ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù tí etí wọn ń gbọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá bi mí pé èwo ni kí wọ́n lò fún jùjú, oníkọ́ìlì kan ni màá mú, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, nítorí ó máa ń rí àyè kọjá láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Oníkọ́ìlì méjì máa ń jókòó lé ìlù lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí òun ló ń gba owó kòkó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Les Paul kì í ṣe orúkọ gìtá lásán, èèyàn ni. Olórin Amẹ́ríkà ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń fi igi àti wáyà dán gìtá oníná wò tipẹ́ kí Gibson tó fi orúkọ rẹ̀ sára gìtá wọn lọ́dún 1952. Ní ọdún 1948, ọkọ̀ rẹ̀ já, apá ọ̀tún rẹ̀ fọ́ níbi ìgúnpá. Àwọn dókítà ní wọ́n lè tò ó, ṣùgbọ́n kò ní lè ká mọ́, bí wọ́n bá ṣe fi í sí ni yóò wà títí ayé. Ó ní kí wọ́n ká a síbi tí òun yóò fi lè ta gìtá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Mo máa ń ronú nípa apá yẹn púpọ̀. Gìtá tó ń jẹ́ Les Paul wà lọ́jà títí di òní; apá yẹn kò sí lára rẹ̀.

B.B. King, ọmọ oko òwú ní Mississippi, bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbọ́ mi ní oko kòkó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1949, ó ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ijó kan nílùú Twist ní Arkansas. Ọkùnrin méjì jà, wọ́n da àgbá kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń yáná nù, ilé gbiná. Gbogbo èèyàn sá jáde, òun náà sá jáde, ṣùgbọ́n ó rántí gìtá rẹ̀, ó sì tún wọ inú iná lọ gbé e. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sọ fún un pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucille ni àwọn ọkùnrin náà ń jà lé lórí. Ó sọ gìtá rẹ̀ ní Lucille láti ìgbà náà, kó lè máa rántí pé òun kò gbọ́dọ̀ hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún 1980 ni Gibson tó ṣe gìtá tó ń jẹ́ Lucille jáde fún títà. Ọdún mélòó ni ìyẹn? Ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan tí ayé ti mọ ohùn rẹ̀ nípa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n lórí okùn, kí orúkọ tó dọjà.

Brian May, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Queen, kò lówó tí yóò fi ra gìtá tó wù ú nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn lọ́dún 1963. Igi ibi ìdáná ògbólógbòó ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀, wọ́n fi sípíríǹgì ọ̀kadà sí i, owó ẹyọ síísì-pẹ́ńsì ló sì ń fi ta á dípò ìtagìtá oníke. Gìtá yẹn ló fi ń ṣeré káàkiri ayé. Nígbà tó ti di olókìkí ni àwọn ilé iṣẹ́ wá ń ṣe àwòkọ rẹ̀ fún títà. Ẹ rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀: ohùn ló kọ́kọ́ jáde, orúkọ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Èmi náà ti kọsẹ̀ níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo kó gbogbo owó tí mo ní, mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, mo sì ra gìtá kan tí orúkọ ńlá wà lórí rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi. Mo délé, mo fi í sínú iná, ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Mo tú u. Lábẹ́ ike tó bo píkọ́ọ̀pù, òòfà pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, wáyà tí wọ́n wé kò dọ́gba, ọ̀kan lára àwọn ojú ìjóná sì ti já. Orúkọ orí rẹ̀ pàápàá, sítíkà ni. Inú mi bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ọ̀hún ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jó wáyà gìtá, bí a ṣe ń tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Mo yọ sítíkà náà. Gìtá ọ̀hún ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì kan títí di òní, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó fẹ́ ra ohùn Sunny Adé. Ọba Sunny jẹ́ ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, tí kò jìnnà sí wa níbí. Ọdún 1967 ló dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀, èyí tó di African Beats lẹ́yìn náà. Ìwọ ọmọ mi, gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Juju Music" sí i, èyí tó jáde lọ́dún 1982. Má ṣe jó. Jókòó, kí o máa ka gìtá. Ọ̀kan ń sọ gbólóhùn kúkúrú kan, ó ń tún un sọ láìyẹsẹ̀. Òmíràn ń dá a lóhùn nínú àlàfo tó fi sílẹ̀. Gìtá tẹ́nọ̀ ń rìn nísàlẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ di okùn rẹ̀ díẹ̀ kó má baà dún gùn. Báàsì ń bá àwọn ìlù ńlá lọ. Ohùn tí o ń pè ní ohùn Sunny, ohùn agbo ni. Ta ni ó lè ra agbo nínú ṣọ́ọ̀bù?

Nínú agbo yẹn ni gìtá Hawaii tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti tún yọjú. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á fún African Beats, irú èyí tó ní irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí àwọn olórin oko ní Amẹ́ríkà ń lò. Àwọn àgbà wa ti mọ ohùn rẹ̀ láti inú àwo Jim Reeves, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, tí kò sí ilé tí wọn kì í ti gbọ́ ọ nígbà kan. Kí ló dé tó fi bá orin Yorùbá mu bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló pín wọn níyà. Èdè wa ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń yọ̀ láàárín méjèèjì. Gángan lè sọ ọ́ nítorí pé bí a bá fún ọsán rẹ̀ lábíyá, ohùn rẹ̀ á yọ̀ gòkè. Gìtá tó kù ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, ó ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Gìtá Hawaii kò gun àtẹ̀gùn kankan. Irin ọwọ́ onígìtá ń yọ̀ lórí okùn bó ṣe wù ú. Mo gbà pé ohun tí Sunny gbọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn: gángan tí wọ́n fi irin ṣe. Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, náà gbọ́ ọ, nítorí Démọ́lá Adépọ̀jù yìí ló ta gìtá Hawaii tó wà nínú orin "Graceland" lọ́dún 1986.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Obey ti ń retí kí n dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo mọ̀ pé ìjà Sunny àti Obey ti fọ́ àwo oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ òde. Ebenezer Obey, tí òun náà jẹ́ olórin jùjú, kọ́ iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Fatai Rolling Dollar kó tó dá International Brothers sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ní etí tèmi, gìtá rẹ̀ máa ń dúró de ọ̀rọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí òwe parí kó tó fèsì, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti Sunny lọ. Orlando Owoh, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìfọ́n ní ìpínlẹ̀ wa yìí, yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Gìtá rẹ̀ há bí ohùn ọ̀fun rẹ̀ ṣe há, ó ń họ, ó sì dùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé gìtá Obey fún Orlando Owoh, ohùn Orlando Owoh ni ì bá jáde. Mo fi dá yín lójú.

Ẹni tó bá sì gba Ọ̀rẹ̀ kọjá dé Benin yóò bá orúkọ Victor Uwaifo, ẹni tó kọ "Joromi", tó sì di olóògbé lọ́dún 2021. Òun kò dúró de ilé iṣẹ́ kankan. Gìtá ọlọ́rùn méjì tó ní okùn 18 ló ń gbé jó lórí ìtàgé, tó sì ń yí i bírí láìdákẹ́ orin. Ohun tí gìtá olórúkọ yẹ kó jẹ́ nìyẹn: kí olórin mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá, kí igi wá tẹ̀lé ọwọ́.

Tí ẹnìkan bá ní òun kò ní owó, kò burú. Lionel Loueke, tí wọ́n bí ní Cotonou lọ́dún 1973, tí àwọn ọ̀gá orin jáàsì kárí ayé ń pè wá bá wọn ṣeré lónìí, kò rí okùn gìtá rà nígbà tó ń kọ́ ọ. Inú ọtí kíkan ló ń rẹ okùn sí kó lè mọ́. Bó bá já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ń rọ́pò rẹ̀. Mdou Moctar, onígìtá kan ní orílẹ̀-èdè Niger, fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan náà ṣe okùn gìtá àkọ́kọ́ tó kàn fúnra rẹ̀.

Ìwọ ọmọ tí o ń dúró de owó kòkó, mo mọ̀ pé o ń gbọ́ mi. Má tíì bẹ bàbá rẹ. Okùn tuntun ni kí o kọ́kọ́ rà, àti wáyà tó dára tí kò gùn jù, nítorí wáyà gígùn máa ń jẹ ìmú ohùn. Gbé gìtá tí o ní wá, màá bá ọ tún gíga píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣe, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Àyìndé Bákàrè, ti Obey, ti Sunny tàbí ti Orlando Owoh ń gba eruku lórí àjà yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ páálí rẹ̀ tán. Ẹ gbé wọn wá sí Ajue ní Sátidé tó ń bọ̀, lábẹ́ igi mángòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èmi yóò gbé ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ wọn dání.